Ẹ Bi Wá: Kí Ni Olùkọ́ Ẹṣin Eré Ìje Tó Mọṣẹ́ Ń Wò?

Lẹ́tà lórí ẹṣin ló kún àpò wa lóṣù yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù sì ti wá. A mú mẹ́fà nínú wọn. Ẹ má ṣe fi olùkọ́ ẹṣin pe agẹṣin o. Agẹṣin ló ń gun ẹṣin lọ́jọ́ eré. Olùkọ́ ló ni gbogbo ọjọ́ tó kù.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 17, ní òun ò lọ yunifásítì mọ́, pé Newmarket lòun ń lọ, òun fẹ́ di olùkọ́ ẹṣin eré ìje. Bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ tó lórí ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́? — Ìyá ọmọ, Peckham

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ tó lórí tó nídìí ni, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó lè máa gba ẹṣin ẹlẹ́ṣin kọ́ fún eré ìje láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ BHA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ẹṣin níbẹ̀. Kó tó kan ìwé àṣẹ, ọmọ yín á kọ́kọ́ di olùtọ́jú ẹṣin. Ilé ẹ̀kọ́ méjì ló wà fún un: British Racing School ní Newmarket, àti National Horseracing College ní agbègbè Doncaster. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kó ìgbẹ́ ẹṣin, bí wọ́n ṣe ń di gàárì, àti bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí ẹṣin tó ń sáré. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹṣin mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi sọ́wọ́ olùtọ́jú kan. Ìdájí ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, òjò ni o, yìnyín ni o, ọjọ́ Kérésìmesì náà sì wà níbẹ̀, torí ẹṣin ò mọ ọjọ́ ọdún. Tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ tó di igbákejì ọ̀gá, á padà sílé ẹ̀kọ́ láti gba ìwé ẹ̀rí Level 3, á sì kọ́ nípa ìtọ́jú ẹṣin, òwò àti bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Nígbà náà ni BHA á wá yẹ ilé ẹṣin rẹ̀ wò. Wọ́n á yẹ àpò rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ẹ bá wa sọ fún bàbá rẹ̀ pé kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá nìkan ló ń là nínú iṣẹ́ yìí. Ọmọ ẹni tó ń gba tẹ́tẹ́ ni Martin Pipe; kò jogún ilé ẹṣin. Ó ń gbé ẹṣin lé ìwọ̀n, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń fojú díwọ̀n, ó sì gba ipò olùkọ́ tó ta gbogbo wọn yọ nínú eré àfò-ìdènà nígbà 15 kó tó fi iṣẹ́ lé David ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní 2006. Ọkọ̀ ni Ginger McCain ń tà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ náà ni ilé ẹṣin rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ẹṣin tó ń jẹ́ Red Rum ti jáde lọ gba ìje àfò-ìdènà Grand National ní 1973, 1974 àti 1977.

Ọmọ náà ò nílò ara tín-ín-rín bí agẹṣin. Wọn kì í gbé olùkọ́ lé ìwọ̀n. Ohun méjì ló nílò. Àkọ́kọ́ ni ojú tó ń rí ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín àná àti òní. Èkejì ni àyà láti wo ojú olówó ẹṣin kó sì sọ pé, "Ẹ má bínú sà, kò ní sáré lọ́la." Èkejì ló ṣòro jù. Owó ìforúkọsílẹ̀ ti wọlé, ìdílé olówó ti ra fìlà, agẹṣin ti wà lọ́nà. Àwa ò tíì rí olùkọ́ gidi tí kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún.

Mo wo fídíò kan. Ọ̀gá náà kàn bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀, ó kọjá sí òmíràn, kò sọ̀rọ̀. Kí ló ń wá? — Alàgbà kan, Ìlọrin

Bàbá, ìgbóná ló ń wá.

Ẹṣin eré ìje wúwo tó 500 kìlógíráàmù. Tó bá ń sá eré àsápajúdé, ìgbà kan wà nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró, agbára tó sì ń bọ́ lé ẹsẹ̀ yẹn tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ìwọ̀n ẹṣin náà. Iṣan gbọọrọ kan tó wà lẹ́yìn ojúgun ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Ó ń fà, ó ń sún kì bíi rọ́bà. Nígbà tí iṣan yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀díẹ̀, ẹṣin kì í tíì tiro. Ìgbóná díẹ̀ ni, àti wíwú tí kò ju ti ẹ̀gbẹ́ ìka lọ. Bí wọ́n bá gùn ún jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó lè ya tán, ìyẹn sì tó oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan kó tó tún sáré, bí yóò bá tún sáré rárá.

Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá a nìyí. Wọ́n á ti tú báńdéèjì ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, torí báńdéèjì fúnra rẹ̀ ń mú ẹsẹ̀ gbóná. Wọ́n á ṣe é kí ẹṣin tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti sáré dé. Ọ̀gá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹṣin, á kọjú sí ìrù, á bẹ̀rẹ̀, á fi àtàǹpàkò há iṣan náà lápá kan, á fi ìka tó kù há a lápá kejì, á wá fà á sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ láti abẹ́ orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dà bí okùn tó le, tó gún, tí etí rẹ̀ dá ṣáká. Lẹ́yìn náà ló máa gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí iṣan lè dẹ̀, á máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ojú rẹ̀ ò sí lórí ẹsẹ̀ lásìkò yìí. Etí ẹṣin ló ń wò, torí etí ló ń kọ́kọ́ sọ pé ó dùn mí. Ó wá kan ẹsẹ̀ kejì. Fífi ẹsẹ̀ kan wé èkejì yìí ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀: bí méjèèjì bá gbóná bákan náà, ó lè jẹ́ ooru ilẹ̀; bó bá jẹ́ ọ̀kan, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ ló ti máa wá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Lára ẹṣin tó dá pé, agbára káká lẹ fi máa gbọ́ ọ. Tó bá ń lù kìkì, inú pátákò ni kẹ́ ẹ wò: ìṣó, òkúta tàbí ọyún.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fà á jáde sórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, á sá eré pẹ́lẹ́ kọjá. Bí orí ẹṣin bá ń gòkè nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú kan bá balẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló ń dùn ún.

Wọ́n ń fi tẹmómítà sí i pẹ̀lú. Ìwé á sọ fún yín pé 37.5 sí 38.5 ló dáa, pé ọkàn ẹṣin tó ń sinmi ń lù nígbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, pé ó ń mí nígbà 8 sí 16. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹṣin tó máa ń jẹ́ 37.6 láràárọ̀, tó wá di 38.3 lónìí, ìwé á ní ara rẹ̀ yá. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n á fi í sílé.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní ẹyin àti òdékú ni wọ́n fi ń bọ́ ẹṣin eré ìje. Ṣé òótọ́ ni àbí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? — Nọ́ọ̀sì kan, Manchester

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ireland ti ń da Guinness sóúnjẹ ẹṣin. Wọ́n ní ẹṣin tó ń jẹ́ Arkle, tó gba ìje Cheltenham Gold Cup ní 1964, 1965 àti 1966, ń mu ún dáadáa. Kò pa ẹṣin lára. Kò sì tíì sọ ẹṣin kankan di Arkle.

Ibi tí oúnjẹ ti ń ba ẹṣin jẹ́ ni kẹ́ ẹ mọ̀. Àpòlúkù ẹṣin kéré sí ara rẹ̀, kò ju lítà 8 sí 15 lọ, omi kíkan sì ń sun sínú rẹ̀ tọ̀sántòru, oúnjẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Itọ́ ẹnu ló ń pa kíkan yẹn, ẹṣin kì í sì í da itọ́ àyàfi tó bá ń jẹun lẹ́nu. Ẹ wá ti ẹṣin mọ́lé, ẹ fún un ní ọkà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì fi eré lé e: ọgbẹ́ inú dé nìyẹn. Ó ju ìdajì ẹṣin eré ìje tó ní in lọ. Nítorí náà koríko gbígbẹ ni oúnjẹ, ọkà ni àfikún. Ẹṣin 500 kìlógíráàmù yẹ kó jẹ koríko tó kìlógíráàmù 7 ààbọ̀ lójúmọ́, kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 5 lọ. Óòtì tàbí oúnjẹ ẹṣin inú àpò lè tó 5 sí 6, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì ń pín in, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju kìlógíráàmù 2 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, èyí tí kò dà á ṣàn lọ sínú ìfun ńlá, á máa hó níbẹ̀, inú rírun àti ìgbóná inú pátákò ló ń tẹ̀lé e. Ẹ̀kúnwọ́ koríko kan kí wọ́n tó di gàárì tún ń bo omi kíkan náà mọ́lẹ̀ kó má bàa máa ta sókè nígbà tí ẹṣin bá ń sáré.

Koríko ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ ní eruku. Ẹṣin ò lè gba ẹnu mí, imú nìkan ni. Lẹ́nu eré àsápajúdé, èémí kan ni fún ìṣísẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ koríko sómi fún ìṣẹ́jú 10 sí 30, tí wọ́n sì ń gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹṣin lè dorí kodò jẹun, kí imú rẹ̀ lè dà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ilé ẹṣin dáa, ẹ má dúró gbóòórùn. Ẹ kúnlẹ̀. Ibi tí imú rẹ̀ máa ń wà lóru ni òórùn ìtọ̀ ti ń ta ojú.

Láàárọ̀, ẹni tó ń bọ́ wọn á kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ibùjẹ. Ẹṣin tó fi ọkà sílẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ koríko, tó tún ń wa eyín pọ̀, inú rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Èyí tó jẹ koríko lẹ́nu tó tu ú sílẹ̀ ní ìṣù-ìṣù, eyín ni. Èyí tí kò fẹnu kan nǹkan kan, tẹmómítà.

Ọ̀kan yìí á yé nọ́ọ̀sì dáadáa: ọrùn olùkọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n bá bá nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ẹṣin lọ́jọ́ eré já sí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló fi ṣokoléètì kékeré kan kẹ́ ẹ. Kòkó wà nínú ṣokoléètì, nǹkan inú kòkó sì wà nínú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀.

Ṣebí ohun téèyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń mọ́ ọn lára? Kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí ẹṣin sá eré àsápajúdé lójoojúmọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Torí pé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń le láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù gbọọrọ ni eegun àti iṣan fi ń le. Ibí yìí ni àwọn tí kò mọṣẹ́ ti ń ṣubú jù. Ẹṣin ò mí hẹlẹ mọ́, wọ́n rò pé ó ti tó, wọ́n tú u sílẹ̀, ẹsẹ̀ sì kán.

Ẹṣin tó ti ń jẹ koríko nínú pápá láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nílò ọ̀sẹ̀ 10 sí 12. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́, rírìn àti eré pẹ́lẹ́ nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni eré àárín, tí wọ́n fi ń sá 200 mítà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 18 sí 20. Eré ìje gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 12 fún ibi kan náà. Eré tó sún mọ́ ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, àwọn ará Newmarket fẹ́ràn Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta, kì í sì í gùn tó ìje fúnra rẹ̀. Òkè ni wọ́n ń sá, irú bíi Warren Hill, torí òkè ń fún ọkàn níṣẹ́ láìsí pé ẹsẹ̀ ń yára jù. Pipe fi ti ẹ̀ kún un: sá gùn ún, rìn sọ̀kalẹ̀, sinmi díẹ̀, tún sá gùn ún.

Ẹṣin ọlọ́dún méjì ní ìyọnu tirẹ̀, ojúgun dídùn. Eegun ń fi ara rẹ̀ le níbi tí agbára bá ti ń bọ́ lù ú. Ẹ fi oṣù mẹ́ta sá eré àárín, eegun á mọ eré àárín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u sílẹ̀, ó di àlejò sí i. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n tètè máa fi eré kíákíá kúkúrú há a láàárín, kó má ju 200 mítà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Tí ojúgun bá gbóná, ẹ dín in kù lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará àtijọ́ máa ń fi irin gbígbóná jó o. Awọ ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣòfò.

Ẹ má gbàgbé alẹ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú ni ẹṣin ń sinmi, ọkà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wá sí ìdajì kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé á bá a láàárọ̀ Ajé tí iṣan ìdí rẹ̀ le bí igi, tó ń làágùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú bíi kọfí. Ẹ má fipá rìn ín. Ẹ jẹ́ kó dúró, kẹ́ ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹṣin kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Àrùn eegun inú pátákò ń bá Red Rum jà, McCain wá ń fi sá etíkun Southport, lórí iyanrìn àti nínú omi òkun. Frankel ò ní ìṣòro ẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Ìwàǹwára ló ní. Iṣẹ́ tó pọ̀ tí Henry Cecil, olùkọ́ rẹ̀, ṣe lórí rẹ̀ ni kó kọ́ ọ láti fara balẹ̀ kó má baà lo agbára tán níbẹ̀rẹ̀. Láàárín 2010 sí 2012, ó sáré nígbà 14, kò sẹ́ni tó lù ú.

Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin ra ìpín lára ẹṣin kan. Ó ti sáré lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ rẹ̀ ní ká ṣe sùúrù. Ṣé kì í ṣe pé ó ń jẹ wá lówó? — Birmingham

Ẹ̀ẹ̀mẹta ò tó láti dá a lẹ́jọ́. Lẹ́yìn eré mẹ́ta ni BHA sábà máa ń fún ẹṣin ní nọ́ńbà tó fi bó ṣe mọ eré sá hàn, nọ́ńbà yẹn ló sì ń jẹ́ kó lè wọ eré tí wọ́n ti ń di ẹrù lé ẹṣin tó lágbára kí àwọn tó kù lè bá a dọ́gba. Ẹṣin púpọ̀ jẹ́ pé ìkẹrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ dì í mú kí nọ́ńbà rẹ̀ lè kéré, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìjìyà sì wà fún un.

Ẹ bi olùkọ́ yín ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn. Kí ni dókítà rí nígbà tó fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lẹ́yìn eré: ẹ̀jẹ̀ ni, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni, àbí kò sí nǹkan? Kìlógíráàmù mélòó ló jò, ọjọ́ mélòó ló sì tó kó tó padà? Ṣé ilẹ̀ rírọ̀ ló fẹ́ ni àbí líle? Ṣé ó ń sún mọ́ wọn nígbà tí eré ń parí, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà kúrú fún un, àbí òun ló ń ṣíwájú tó wá kú? "Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni" kì í ṣe ìdáhùn. Bó bá ní agẹṣin ò nà án tó, ẹ rántí pé ẹgba 6 péré ni òfin gbà lórí pápá títẹ́jú, 7 nínú eré àfò-ìdènà.

Ní ti owó, iye ojúmọ́ tí wọ́n pè fún yín kì í sábà ka alágbẹ̀dẹ pátákò mọ́ ọn, tàbí dókítà, ọkọ̀, ìforúkọsílẹ̀ àti owó agẹṣin. Ẹ ní kó máa kọ ọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún yín. Bó bá sì pè yín lọ́jọ́ kan pé kẹ́ ẹ ta ẹṣin náà, ẹ fọkàn tán an. Owó tirẹ̀ náà ló ń lé lọ.

Ìdílé wa ń gun ẹṣin lọ Ojúde Ọba. Lọ́dún tó kọjá ó ti rẹ ẹṣin ká tó débẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó sì ń ta ìpá nígbà tí ìbọn ń dún. Kí la lè rí kọ́ lára àwọn olùkọ́ eré ìje? — Ìjẹ̀bú Òde

Ọjọ́ kẹta Iléyá kì í yẹ̀, ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa fi rìn fún ìṣẹ́jú 30 sí 40 kí oòrùn tó yọ. Láti ìkẹta sí ìkarùn-ún, ẹ fi eré pẹ́lẹ́ kún un, ìṣẹ́jú 5, kó di 10, kó di 15. Ìkẹfà àti ìkeje, ẹ dì í bí ẹ ṣe máa dì í lọ́jọ́ náà gan-an, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó máa gùn ún àti ìlù, torí ẹrù yẹn wúwo, kò sì yẹ kó jẹ́ àárín èrò lẹ́ṣin ti máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ìkẹjọ, ẹ dẹwọ́.

Ní ti ìbọn, ẹ jẹ́ kó dún láti ọ̀nà jíjìn, bí 200 mítà, nígbà tí ẹṣin ń jẹun lọ́wọ́. Bó bá gbé orí sókè tó tún padà sídìí oúnjẹ, ó dáa. Bó bá dáwọ́ jíjẹ dúró, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbà ẹṣin tí ìbọn ò já láyà mọ́. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wò ó dúró.

Ọkà bàbà tí ẹ fọ́ lè rọ́pò óòtì. Ẹ má fún un ní àgbàdo tó ti bu láé, bó ti wù kó kéré tó: májèlé tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ ọpọlọ ẹṣin, sísá a sóòrùn ò sì lè mú un kúrò. Bó bá làágùn dé, ẹ jẹ́ kó mu omi, kẹ́ ẹ sì máa da omi lé e lára láìdáwọ́ dúró títí àyà rẹ̀ á fi tutù. Àwọn tó ní omi ń pa ẹṣin tó gbóná ò sọ òótọ́. Gbígbọ̀n yẹn ni kẹ́ ẹ má fojú kéré. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wo èrìgì. Bó bá ti funfun dípò kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí ibà ń lọ tó ń bọ̀, tí ara rẹ̀ sì ń jò, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí àìsàn tí eṣinṣin ń gbé kiri lágbègbè wa máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má gùn ún títí èsì fi máa jáde.

Nígbàkígbà tí ẹ bá tú gàárì, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí òógùn tó gbẹ. Ó yẹ kó tutù káàkiri ní ọgbọọgba. Ibi tó bá gbẹ láàárín òógùn ni gàárì ti ń tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ tún tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ ṣe kẹ́ ẹ tó dì í padà.